Gílóòbù Méjìlélógún

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Sànúsí jẹ́ kò ní láti bi aládùúgbò kankan léèrè. Kó ṣáà wọ ilé rẹ̀ ní Ìsẹ̀dó, nílùú Ìlá-Ọ̀ràngún, kó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Okùn mẹ́rin ló so rọ̀ síbẹ̀, ó ká ọ̀kọ̀ọ̀kan rọ́bọ́tọ́, ọ̀kan kò sì lọ́ mọ́ èkejì. Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni agolo ìṣó wà, ìṣó tó tọ́ lọ́tọ̀, èyí tó tẹ̀ tó ń dúró de òòlù lọ́tọ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe sítọ́ọ̀kípà fún ìjọba ní Ìbàdàn kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé, ó sì máa ń sọ pé nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun tó sọnù lọ́wọ́ òun kò ju ìgbálẹ̀ kan lọ. Ó tún mọ ẹni tó gbé ìgbálẹ̀ náà.

Síbẹ̀, gbogbo ìtọ́jú yìí, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí gílóòbù.

Fàrúkù, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń kó àwọn gílóòbù náà wálé. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà Òkè-Ìlá, ilé oníyàrá méje tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ yóò jọ máa gbé bó bá ti Èkó dé. Ìgbàkígbà tó bá ń bọ̀ wá ṣọdún, á ra gílóòbù mẹ́ta tàbí mẹ́rin dání, nítorí ó ní ojúlówó kò pọ̀ nílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ oníṣẹ́ iná, Ọlátúbọ̀sún, ló fa wáyà ilé náà. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo ojú iná tó wà níbẹ̀, ó jẹ́ mẹ́tàlélógún. Ọlátúbọ̀sún ti ki gílóòbù tirẹ̀ bọ ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn láti fi dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó ku méjìlélógún.

"Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú wọn," ni Fàrúkù wí. "Bí wọ́n bá wà lọ́wọ́ yín, mo mọ̀ pé wọn ò ní fọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Sànúsí nínú ju ẹ̀bùn lọ. Ó ní kí káfíńtà kan àpótí fún òun, ó sì dúró tì í títí ó fi kàn án tán. Inú àpótí náà pín sí ojúlé kéékèèké méjìlélógún, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló là wọ́n láàárín. Ó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé gílóòbù kọ̀ọ̀kan, ó gbé e jókòó kí ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó wá fi òwú àràbà há gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́gọ́rùn-ún wáàtì wà lápá ọ̀tún, àwọn ọlọ́gọ́ta lápá òsì. Ó ju káńfọ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nítorí aáyán. Kò gbé àpótí náà sílẹ̀ nítorí ikán, kò sì gbé e sókè àjà nítorí ooru páànù. Pẹpẹ kan ní pálọ̀, tó kàn mọ́ ògiri yàrá iwájú, ló gbé e lé, níbi tí òjò kò lè jò dé, tí oòrùn kò sì lè yọjú sí. Ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ so mọ́.

Òfin kan ló wà tó ga ju gbogbo èyí lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọn gílóòbù wò. Kò sẹ́ni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rà á lọ́jà. Wọn á gbé e sétí, wọn á gbọ̀n ọ́n, bó bá ń dún ṣìn-ìn ṣìn-ìn, wọn á ní ó ti kú. Ara Sànúsí kì í gba àṣà yìí.

"Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí ọmọ tuntun lọ," ló máa ń wí. "Ẹ̀ ń gbọ̀n ọ́n kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó wà láàyè, ẹ̀yin náà lẹ sì ń pa á!"

Nítorí èyí ni àwọn obìnrin àdúgbò fi sọ ọ́ ní Bàbá Má-gbọ̀n-ọ́n. Orúkọ náà kò bí i nínú. Ó gbà pé orúkọ rere ni.

Lọ́dún 1994, ó fi yàrá iwájú háyà fún Hezekiah, ọkùnrin ará Ire kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata àti ẹ̀wà. Yàrá tó ṣófo, ìfiṣòfò ni lójú Sànúsí. Hezekiah gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ó fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́lẹ̀, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ló sì ń ké gbà-gbà-gbà bí ẹni ń lu páànù.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Sàrátù, ìyàwó Sànúsí, fi wá bá a lẹ́yìn ilé.

"Bàbá Fàrúkù, ògiri yẹn ń gbọ̀n o. Àwo mi ń rìn lórí pẹpẹ bí ẹni ń lọ sọ́jà."

Hezekiah gbọ́ láti ojú fèrèsé. "Ìyá, ẹ̀rọ mi kọ́ ló ń gbọ̀n wọ́n o. Àwo yín ló gbọ́ orin tó ní kí òun jó!"

"Ìwọ, bó o bá fọ́ àwo mi, wàá jó lọ sí Ire láìwọkọ̀," ni Sàrátù dá a lóhùn. Àwọn obìnrin tó wá lọ ata bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Sàrátù kó àwọn àwo rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Sànúsí ní tirẹ̀ ṣí àpótí, ó fi ọwọ́ kan orí àwọn gílóòbù lẹ́yọ lẹ́yọ, ó tún fi òwú àràbà kún un. Ọ̀kan kò kan èkejì. Ó ti àpótí padà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ìgò ló ń ṣọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ kan gbókìtì lójú ọ̀nà Èkó, Fàrúkù sì wà nínú rẹ̀. Kí ìròyìn tó dé Ìlá, àwọn ẹlẹ́sìn ti sin ín sí Èkó bí ìlànà ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ṣàkírátù, tó wà nílé ọkọ ní Ìgbájọ, ni wọ́n fi sàréè náà hàn. Nílẹ̀ wa, wọn kì í fi sàréè ọmọ han òbí. Sànúsí kò béèrè. Sàrátù béèrè lẹ́ẹ̀kan, àwọn àgbà sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kó má béèrè mọ́.

Láti ìgbà náà, ẹnu àwọn èèyàn yí padà. Ẹni tó ń pe Sànúsí ní Bàbá Fàrúkù tẹ́lẹ̀ wá ń pè é ní Bàbá Ṣàkírátù, kí wọ́n má baà fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́. Òun náà wá ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Ìyá Ṣàkírátù. Sàrátù nìkan ló kọ̀ tí kò yí tirẹ̀ padà. "Bàbá Fàrúkù, oúnjẹ yín rèé." "Bàbá Fàrúkù, ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Bó bá ti pè é bẹ́ẹ̀, Sànúsí á wolẹ̀, á sì dáhùn.

Ó ti ilé tó wà lọ́nà Òkè-Ìlá pa. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń lọ ro koríko ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, yóò ṣí àpótí gílóòbù, yóò nu eruku orí ìwé, yóò pààrọ̀ káńfọ̀, yóò sì tì í padà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń tọ́jú wọn dè. Bóyá òun náà kò mọ̀.

Aṣọ ilé-ìwé ni Sàrátù ń rán. Gílóòbù ogójì wáàtì kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀ wọn, abẹ́ rẹ̀ ló sì ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò tẹ orí ba abẹ́rẹ́ bí ẹni fẹ́ gbọ́ ohun tí abẹ́rẹ́ ń wí. Ó tó ẹ̀ẹ̀mejì tó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó yọ ọlọ́gọ́rùn-ún kan nínú àpótí fún òun.

"Ti ilé yẹn ni," ni Sànúsí máa ń wí.

"Kò sẹ́ni nínú ilé yẹn."

"Ti ilé yẹn náà ni. Èyí tó wà lókè yìí kò tíì kú. Ta ló ń yọ nǹkan tí kò kú?"

Sàrátù kò ní jiyàn. Yóò fa àga rẹ̀ sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ní ìparí ọdún 1997, ó gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ nígbà mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ojú òun ti ṣú, àárín nìkan ló kù, bí ẹni ń wo òde láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Wọ́n lọ sí Ìlọrin. Dókítà ojú tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí i lójú, ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àìsàn náà ti jẹ ẹ̀yìn ojú, pé oògùn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ, èyí tó kù kò sì ní ju oṣù mélòó kan.

"Ṣé aṣọ tó ń rán nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò tó ló fà á?" ni Sànúsí bi í.

"Rárá, Bàbá. Kì í ṣe òun."

Sànúsí béèrè lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó dìde. Dókítà tún ní kì í ṣe òun. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn bọ̀ wálé, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí wọ́n fi kọjá ìlú Ọ̀rọ̀.

Oṣù kan ṣáájú Iléyá, Sàrátù gbé àga wá síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì jókòó.

"Bàbá Fàrúkù, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Sọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ ká tan iná ilé ọmọ yìí."

"Ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀? Àwọn aláǹgbá ni a fẹ́ tanná fún?"

"Ọjọ́ kan ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Iléyá, ẹyọ kan péré. Wọn ò fi sàréè rẹ̀ hàn mí, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó sọ fún mi. Ó ní ọjọ́ tí òun bá parí ilé yẹn, òun á mú mi dúró lójú títì, òun á tan gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí n fi ojú ara mi rí gbogbo fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀hún ló ń lọ yìí, Bàbá Fàrúkù. Nǹkan tí mo fẹ́ fi í wò kò ju ìyẹn lọ."

Sànúsí fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà nídìí ṣòkòtò rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ó dáa," ló wí.

Ọjọ́ Iléyá ọdún 1998 pé. Wọ́n kírun, wọ́n pa àgbò, wọ́n pín ẹran fún ará àti aládùúgbò. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Sànúsí àti Ọlátúbọ̀sún, tó wá ṣọdún láti Èkó, gbé àpótí náà lọ sí ọ̀nà Òkè-Ìlá. Sànúsí kò gbà kí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ tàbí sórí alùpùpù. Orí ara rẹ̀ ló gbé e lé, ó sì ń rìn bí ẹni ru omi kún àmù. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni.

Ọlátúbọ̀sún ń gun àpótí ìjókòó, Sànúsí ń tú ìwé ìròyìn, ó ń fi aṣọ mímọ́ di ọrùn gílóòbù mú, ó ń nà án sókè. Kò sí ẹyọ kan tó fọ́. Kò sí ẹyọ kan tó sán. Ìgò wọn ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà wọ́n. Ọlátúbọ̀sún gbé ọ̀kan sétí, bí gbogbo oníṣẹ́ iná ṣe máa ń ṣe.

"Má gbọ̀n ọ́n!" Sànúsí jágbe mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọwọ́ ló ti mọ́ mi lára."

"Ohun tí èmi tọ́jú, o fẹ́ gbọ̀n ọ́n wò?"

Ọlátúbọ̀sún rẹ́rìn-ín, ó sì kì í bọ ojú iná bẹ́ẹ̀. Kò sí iná lásìkò náà tí wọn ìbá fi dán an wò. Ládùúgbò yẹn, ọjọ́ kan ni iná ń wà, ọjọ́ kejì ni kì í sí, bó bá sì jẹ́ ọjọ́ rẹ̀, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Wọ́n tẹ gbogbo súìṣì sílẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè tàn pọ̀ bí ọmọ ṣe wí.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, Sànúsí mú Sàrátù lọ́wọ́ wá sójú títì, ní òdìkejì ilé náà. Sàrátù wọ léèsì tí Fàrúkù rà fún un. Hezekiah bá wọn wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, àwọn aládùúgbò díẹ̀ náà sì dúró, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé Bàbá Má-gbọ̀n-ọ́n fẹ́ ṣí àpótí rẹ̀.

"Ìyá, ẹ fọwọ́ bojú o," ni Hezekiah wí. "Gílóòbù tó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó bá jí, yóò jí kíkan!"

"Bó bá jí, yóò kọ́kọ́ lé ẹ̀rọ rẹ jáde," ni Sàrátù wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí Sànúsí ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Ilẹ̀ ń ṣú. Lójijì, ariwo sọ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò: "Wọ́n ti mú un dé o!" Ilé tó wà lápá ọ̀tún tàn, èyí tó wà lápá òsì tàn, ilé epo tó wà níwájú tàn.

Nínú ilé Fàrúkù, fèrèsé méjì kọ mànà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ṣú. Àwọn yòókù kò ṣẹ́jú pàápàá. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kan hàn láti inú, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn lọ́hùn-ún.

Sàrátù na ọrùn. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wá ilé náà pẹ̀lú ìwọ̀nba ojú tó kù fún un.

"Ṣé wọ́n ti mú un dé ibi tiwa? Bàbá Fàrúkù, ṣé ó ti tàn?"

Àwọn aládùúgbò ń wo ilẹ̀. Sànúsí lè sọ pé ó ti tàn. Bóyá Sàrátù ì bá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ ohun tó wà pé ó wà, tó kọ ohun tí kò sí pé kò sí, ahọ́n rẹ̀ kò yí sí irọ́.

"Kò tàn," ló wí. "Dúró dè mí."

Ó rò pé wáyà ló bàjẹ́. Ọlátúbọ̀sún fi irinṣẹ́ tó fi ń dán iná wò kan ojú iná pálọ̀. Iná wà níbẹ̀. Ó tú gílóòbù ibẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e lọ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wò ó. Lẹ́yìn náà, ó gbé e sí etí. Lọ́tẹ̀ yìí Sànúsí kò jágbe. Òun náà gbọ́ ọ láti ibi tó dúró: ṣìn-ìn, ṣìn-ìn.

Wọ́n tú ìkejì. Wọ́n tú ìkẹta. Nígbà tó di ìkẹjọ, Ọlátúbọ̀sún dúró.

"Bàbá, ibo lẹ gbé wọn sí ní gbogbo ọdún yìí?"

"Orí pẹpẹ. Ibi tó gbẹ."

"Pẹpẹ wo?"

Sànúsí ń gbọ́ ẹ̀rọ Hezekiah nínú orí ara rẹ̀, gbà-gbà-gbà, láti àárọ̀ dé ọ̀sán, fún ọdún mẹ́rin. Ó rí àwo Sàrátù tó ń rìn lórí pẹpẹ. Ó kọ̀ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má gbọn gílóòbù lẹ́ẹ̀kan, ó wá gbé méjìlélógún ka ibi tí wọ́n ti ń gbọ̀n wọ́n lójoojúmọ́. Nítorí òfin ara rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ̀n wọ́n, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ pé wọ́n ti kú.

Hezekiah ti wọlé. Ó ṣí fìlà rẹ̀ dání.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo máa gbé ẹ̀rọ náà kúrò lọ́la. Mi ò mọ̀."

"Èmi ni mo gbà ọ́ sílé," ni Sànúsí wí. "Ìyá Ṣàkírátù sọ fún mi. Ó kó àwo tirẹ̀ kúrò. Máa lọ jẹ ẹran ọdún rẹ, Hezekiah. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ."

Ó dúró díẹ̀ lábẹ́ gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Èyí ni Ọlátúbọ̀sún fi dán iná wò lọ́dún 1994. Kò dé inú àpótí rí, kò sẹ́ni tó fi nǹkan wé e, aláǹtakùn ti ta yí i ká. Sànúsí pa súìṣì. Ó ṣí fìlà ọdún rẹ̀, ó fi bo gílóòbù náà nítorí ooru, ó tú u.

Ó jáde lọ bá ìyàwó rẹ̀ lójú títì. Àwọn èèyàn ti ń túká.

"Ìyá Ṣàkírátù, gbogbo wọn ti kú. Èmi ni mo pa wọ́n. Ẹyọ kan ló kù. Wá."

"Gbogbo fèrèsé ni mo fẹ́ rí," ló wí jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀. Wá."

Sàrátù di etí agbádá rẹ̀ mú, ó tẹ̀ lé e wọlé. Ọlátúbọ̀sún ní kí òun bá wọn gun àpótí ìjókòó, Sànúsí kọ̀. Ní pálọ̀, ó gun àpótí ìjókòó fúnra rẹ̀, ó ki gílóòbù náà bọ ojú iná, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ súìṣì. Pálọ̀ mọ́lẹ̀. Sàrátù wo ògiri, ó wo òkè, ó ń yí orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé.

"Pálọ̀ tóbi," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé ó tóbi báyìí."

Sànúsí pa á, ó tú u, ó gbé e lọ sí yàrá kejì. Ìgò náà gbóná wọ inú fìlà, ó jó o lọ́wọ́, kò sọ ọ́ nù. Yàrá kejì mọ́lẹ̀, pálọ̀ sì ṣú lẹ́yìn wọn. Yàrá kẹta. Nínú yàrá Fàrúkù fúnra rẹ̀, Sàrátù lọ fọwọ́ kan ojú fèrèsé, ó dúró síbẹ̀ títí Sànúsí fi rò pé ó ti gbàgbé òun.

"Èwo ni tèmi?" ló wá béèrè.

Yàrá tó kọjú sí ìlà oòrùn ni. Nígbà tó mọ́lẹ̀, Sàrátù ní, "Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí n wò ó bí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀."

Sànúsí ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà tán, ilẹ̀kùn yẹn máa ń ṣí mọ́ ògiri ni. Lára ògiri tó ti bò mọ́lẹ̀, ẹnìkan ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan. Ọwọ́ ìkọ̀wé Fàrúkù ni. Òun ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún Ọlátúbọ̀sún nígbà tí wọ́n ń fa wáyà.

"Kí lẹ̀ ń wò?" ni Sàrátù béèrè.

"Ó kọ nǹkan síbí."

"Ẹ kà á fún mi."

Sàrátù kò mọ̀wé, ojú rẹ̀ kò sì lè rí pẹ́ńsùlù mọ́. Ohunkóhun tí Sànúsí bá sọ, òun náà ni yóò jẹ́. Ó fọwọ́ nu ẹnu. Ó kà á bó ṣe wà.

"'Yàrá Ìyá mi. Ọgọ́rùn-ún wáàtì. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá fún wọn ní kékeré.'"

Iná ń jó lókè orí wọn. Sàrátù rọra rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó mọ bàbá rẹ̀," ló wí.

Sànúsí jókòó sórí àpótí ìjókòó náà. Ó fi fìlà tó ti gbóná bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Sàrátù táràrà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà á lórí, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Yàrá méjì ṣì kù. Wọn kò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Hezekiah gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò bó ṣe wí. Sànúsí gbé àpótí gílóòbù sí ẹ̀yìn ilé, adìẹ sì ń yé sí ojúlé rẹ̀ kan, nítorí òwú àràbà ṣì wà níbẹ̀. Lóṣooṣù, bó bá gba owó ìfẹ̀yìntì, yóò ra gílóòbù méjì. Yóò sọ fún ẹni tó ń tà á pé, "Tàn án wò fún mi," yóò gbé wọn lọ sí ọ̀nà Òkè-Ìlá lọ́jọ́ náà gan-an, yóò kì wọ́n bọ ojú iná, kò sì ní pa súìṣì. Pálọ̀ ilé wọn ló kọ́kọ́ fi ọlọ́gọ́rùn-ún sí. Sàrátù gbọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń gun àga láti yọ ogójì.

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Kò kú," ni Sànúsí wí, ó sì yọ ọ́.

Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, ojú Sàrátù ti kú pátápátá. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Sànúsí bá ti ọ̀nà Òkè-Ìlá dé, á bi í pé, "Mélòó ló ń tàn báyìí?" Á sì sọ iye fún un, kò ní fi ẹyọ kan kún un.

Ọjọ́ Iléyá ọdún 1999, Sànúsí mú un lọ́wọ́ lọ sójú títì, ní òdìkejì ilé náà. Léèsì yẹn náà ni Sàrátù wọ̀. Ó kọjú sí apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ láti Òkè-Ìlá. Sànúsí di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì yí i padà sí ilé náà. Iná dé. Gbogbo fèrèsé tàn pọ̀, iwájú, ẹ̀gbẹ́, títí dé ilé ìdáná, ìmọ́lẹ̀ sì dà sórí koríko títí dé ẹsẹ̀ wọn.

Ọlọ́kadà kan dẹwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Bàbá, ẹ kú ọdún o! Iná ń jó dànù nínú ilé yín, kò sì sẹ́ni níbẹ̀!"

"Jẹ́ kó máa jó," ni Sànúsí wí.

Ọlọ́kadà kọjá lọ. Sàrátù gbé ojú rẹ̀ sókè síbi tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ darí rẹ̀ sí, kò sì ṣẹ́jú.

"Mélòó?"

"Gbogbo rẹ̀. Mẹ́tàlélógún."

"Ti yàrá mi ńkọ́?"

"Ọgọ́rùn-ún ni, Ìyá Fàrúkù."